Àtẹ̀gùn Tí N Kò Gùn

Kí ẹ tó bú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ bú mi lẹ́yìn ìyẹn, kó bú mi, ó tọ́ sí mi.

Lífítì ni mò ń tún ṣe. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi ṣiṣẹ́ náà. Mánamána ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́, torí pé kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó so okùn bàtà wọn tán, èmi á ti wà lórí òrùlé. Mi ò kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ̀rù pé kí wọ́n má pè mí ní ọ̀lẹ ló fà á.

Ibà kan ló kọ́kọ́ kì mí mọ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo lò lórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó yá, ibà lọ, ṣùgbọ́n agbára mi bá a lọ, kò sì padà wá.

Ẹ má rò pé irú àárẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀ ni. Ìyẹn, téèyàn bá ti sùn, ó tán. Tèmi, mo lè sùn fún wákàtí mẹ́wàá kí n jí bí ẹni tí wọ́n lù mọ́jú. Tí mo bá gbé ife omi, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n. Ọ̀rọ̀ á wà lórí ahọ́n mi, mi ò ní rántí bí wọ́n ṣe ń pè é. Lọ́jọ́ kan, mo gbàgbé ohun tí wọ́n ń pe sípánà. Èmi! Sípánà!

Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé àìsàn náà kì í múni lójú ẹsẹ̀. Tí mo bá ṣiṣẹ́ agbára lónìí, mo lè rìn délé, kí n tún bá ìyàwó mi ṣàwàdà. Ó di ọ̀la, tàbí ọ̀tunla, kó tó gbé mi ṣánlẹ̀. Mi ò ní lè dìde lọ wẹ̀. Kódà ìró ṣíbí nínú abọ́ á máa dùn mí létí.

Dókítà àkọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó ní kò sí nǹkan kan tó ṣe mí. Ìkejì ní kí n máa sáré láràárọ̀ kí ara mi lè jí. Mo sáré fún ọjọ́ mẹ́ta, ni mo bá wà ní yàrá fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Ìkẹta, obìnrin kan tí kì í kánjú sọ̀rọ̀, ló fìdí kalẹ̀ bi mí léèrè ọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí kan.

Ó ní, "Ẹ̀yin kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ ò sì kàn ń ro àìsàn sára yín. Àárẹ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́ ló ń ṣe yín. Àìsàn gidi ni, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bá fínra. Kì í ṣáà hàn nínú ẹ̀jẹ̀ téèyàn bá yẹ̀ ẹ́ wò."

Mo ní, "Oògùn wo ni kí n lò, Dókítà?"

"Kò tíì sí oògùn tó ń lé e lọ pátápátá. A lè tọ́jú oorun yín, a lè tọ́jú ara ríro. Ìyókù kù sọ́wọ́ yín. Ẹ máa sinmi kó tó rẹ̀ yín, ẹ má dúró dìgbà tó bá rẹ̀ yín tán. Ẹ mọ ibi tí agbára yín mọ lójúmọ́, kẹ́ ẹ sì dúró kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Ọjọ́ tí ara bá yá gágá gan-an ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra jù, torí ọjọ́ yẹn lẹ máa fẹ́ ṣe àṣejù. Kẹ́ ẹ sì sọ fún ọ̀gá yín. Màá kọ lẹ́tà fún yín."

Mo gba lẹ́tà náà. Mo ká a, mo tì í sí ìsàlẹ̀ báàgì irinṣẹ́ mi. Ọ̀gá mi ò rí i. Ìyàwó mi bi mí pé kí ni dókítà wí, mo ní, "Ó ní mi ò sùn tó ni."

Ẹ máa ní kí ló dé tí mi ò sọ. Ẹnì kan ti sọ níbi iṣẹ́ wa rí pé ẹ̀yìn ń dun òun. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Ìyá Ìkókó. Tó bá ti ń wọlé, wọ́n á ní, "Ẹ bá Ìyá Ìkókó gbé àga o!" Èmi náà wà lára àwọn tó ń rẹ́rìn-ín. Kò lò tó oṣù mẹ́ta sí i tó fi kúrò.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà kó lè yé yín. Ilé alájà mẹ́wàá kan wà lábẹ́ ìtọ́jú mi. Lókè téńté ni yàrá ẹ́ńjìnnì wà, ibẹ̀ ni ohun tó ń fa okùn irin lífítì wà. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, mo gbọ́dọ̀ pa lífítì náà, kí n fẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn láti ìsàlẹ̀ dókè, kí n dán ilẹ̀kùn àjà kọ̀ọ̀kan wò bóyá ó tì dáadáa. Tí mo bá dé yàrá ẹ́ńjìnnì, màá yẹ bíréèkì wò, màá fọwọ́ tọ okùn, màá wá fọwọ́ sí káàdì pupa kan tí wọ́n fi kọ́ sára ògiri níbẹ̀. Káàdì yẹn ò gbọ́dọ̀ kúrò ní yàrá náà láé. Ìdí tí wọ́n fi fi kọ́ sókè ni pé ẹni tí kò bá gòkè, kò ní rí i fọwọ́ sí.

Lájà keje ilé yẹn, ilé ìtọ́jú àwọn aboyún kan wà níbẹ̀. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, ń lọ síbẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ló fi wá oyún kó tó rí i. Èmi gan-an ni mo júwe ibẹ̀ fún un. Mo ní, "Ọwọ́ èmi ni lífítì ibẹ̀ wà. Máa wọ̀ ọ́ bí ẹni ń wọ yàrá ìyá ẹ."

Lóṣù kejì lẹ́yìn ibà, mo gun àtẹ̀gùn yẹn dókè. Ó gbà mí ní wákàtí méjì. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá ẹ́ńjìnnì, àyà mi ń lù kìkì, mo ń wo káàdì náà lára ògiri. Mo ti mọ̀ pé ọ̀tunla mi ti bàjẹ́. Bí mo ṣe ń fọwọ́ sí i ni nǹkan kan sọ sí mi lọ́kàn pé, "Ká ní ìsàlẹ̀ ni káàdì yìí wà ńkọ́?"

Ọwọ́ mi yọ ọ́ kúrò lára ìṣó, mo tì í sínú báàgì irinṣẹ́ mi. Mo ní oṣù kan péré ni, kí ara mi lè bọ̀ sípò.

Nígbà tí oṣù yí po, mo pa lífítì fún wákàtí méjì, mo wọ yàrá kékeré tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí lábẹ́ àtẹ̀gùn, mo dojú korobá dé, mo jókòó lé e. Mo kọ ọ́ sórí káàdì: Bíréèkì, ó dára. Okùn, ó dára. Ilẹ̀kùn, ó dára. Mo ń gbọ́ ohùn àwọn èèyàn tó ń kùn bí wọ́n ṣe ń gun àtẹ̀gùn kọjá lórí mi. Mo mú àkísà, mo ń fi nu ọwọ́ tí kò sí gírísì kankan lára ẹ̀, mo sì jáde.

Bàbá Aṣọ́nà tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní, "Mánamána! O ti ṣe tán? Ìwọ yìí, ìjì ni ẹ́!"

Mo ní, "A dúpẹ́, Bàbá."

Ohun tó tàn mí jẹ jù ni pé ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Dókítà ní kí n sinmi, mo kúkú ń sinmi. Mo ń sùn, mo ń rẹ́rìn-ín, ìyàwó mi ń dúpẹ́. Báyìí ni oṣù kan di méjì, tí méjì di mẹ́rin. Gbogbo ìgbà tí mo bá fọwọ́ sí káàdì náà, ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù náà kì í ju ọjọ́ kan lọ.

Lọ́jọ́rú kan, Bàbá Aṣọ́nà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mánamána, lífítì yẹn ti ń ké o. Tó bá fẹ́ dúró, á ké bí ìgbà tí irin bá ń ha irin. Lánàá, ó tiẹ̀ já wálẹ̀ díẹ̀ kó tó dúró. Obìnrin kan pariwo."

Mo mọ ohun tó ń ké. Bíréèkì ti jẹ tán.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ibí gan-an ni kẹ́ ẹ ti bú mi. Ibi tí mo ti lè pa lífítì náà kò ju ẹsẹ̀ mẹ́rin lọ síbi tí mo dúró sí. Kí n pa á, kí n pe ọ́fíìsì, ó parí. Ṣùgbọ́n tí mo bá pè, ẹlòmíì á wá. Ó máa gòkè, ó máa rí ìṣó lásán lára ògiri. Ó máa rí eruku oṣù mẹ́rin nílẹ̀ tí ẹsẹ̀ kankan ò tẹ̀.

Mo ní kí n tètè gòkè lọ tún un ṣe fúnra mi kẹ́nikẹ́ni tó mọ̀. Mo dé àjà kẹta, etí mi ń hó. Mo dé ìkarùn-ún, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Mo ń sọ fún un pé kó gbéra, kò dá mi lóhùn, bí ẹni pé ẹsẹ̀ ẹlòmíì ni. Òógùn tútù bò mí. Mo dùbúlẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé sìmẹ́ǹtì. Lẹ́yìn ògiri, mo gbọ́ tí lífítì ń kọjá lọ sókè, tó ń ha, tó ń ha. Èèyàn wà nínú ẹ̀. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín wọn.

Ìdí ni mo fi wọ́ sọ̀kalẹ̀. Èmi ọkùnrin ọmọ ọdún méjìdínlógójì, mò ń fi ìdí wọ́ lórí àtẹ̀gùn bí ọmọ ọwọ́.

"Kí lo rí, Mánamána?"

"Gírísì ló gbẹ, Bàbá. Lọ́jọ́ Ajé, màá padà wá."

Lọ́jọ́ Ẹtì, gbèsè àtẹ̀gùn yẹn wá bá mi. Mi ò lè gbórí sókè. Ìyàwó mi fa kọ́tìnnì dé, torí ìmọ́lẹ̀ ń gún mi lójú. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ ni fóònù dún. Àbúrò mi ni.

"Bọ̀ọ̀dá mi! Mo wà ní ọ̀dọ̀ lífítì yín o. Òní ni wọ́n fẹ́ ṣàyẹ̀wò fún mi."

Oorun kúrò lójú mi. Mo ní, "Má wọ̀ ọ́."

"Ẹ ní kí ni?"

"Gba... gba orí àtẹ̀gùn."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Èmi yìí, pẹ̀lú ikùn oṣù mẹ́jọ? Àjà méje? Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé kò sí o? Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n máa wọ̀ ọ́ bí ẹni ń wọ yàrá Màámi."

Mo fẹ́ sọ fún un pé bíréèkì ti jẹ. Ọ̀rọ̀ náà ò wá. Mi ò mọ̀ bóyá àìsàn ló dì mí lẹ́nu, tàbí ìtìjú. Títí dòní, mi ò mọ̀. Mo kàn ń sọ pé, "Dúró, dúró ná..."

"Ó ti ṣí, àwọn èèyàn sì ń dúró dè mí. Tí mo bá jáde, màá pè yín."

Fóònù pa.

Mo pè é padà. Kò wọlé. Mo tún pè. Bí mo ṣe fẹ́ pè é lẹ́ẹ̀kẹfà ni fóònù dún lọ́wọ́ mi. Bàbá Aṣọ́nà ni, ó ń sunkún.

"Ó já o! Ó ti fẹ́ dé òkè kó tó já wálẹ̀! Ó há sáàárín àjà kẹrin àti ìkarùn-ún. Èèyàn mẹ́jọ ló wà nínú ẹ̀! Aboyún wà níbẹ̀!"

Irin kan wà lábẹ́ lífítì tó máa ń gbá irin tí lífítì ń rìn lórí ẹ̀ mú tó bá ti ń sáré wálẹ̀ jù. Irin yẹn ló dá a dúró. Irin, ẹ̀yin èèyàn mi. Kì í ṣe èmi.

Ìyàwó mi ló gbé mi wọ takisí. Nígbà tá a débẹ̀, ọ̀gá mi àti méjì nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ́ńjìnnì wà. Ẹni tí kò bá wọ ibẹ̀ kò lè fọwọ́ yí lífítì náà sípò.

Ọ̀gá ní, "Mánamána, ó yá, gòkè!"

Mi ò mira.

"Ṣé o ò gbọ́ ni? Ìwọ lo mọ ibẹ̀ jù!"

"Mi ò lè gòkè, Ọ̀gá."

Ó wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí. Ó já kọ́kọ́rọ́ gbà lọ́wọ́ mi, ó sáré gòkè pẹ̀lú ọ̀kan nínú wọn. Èmi jókòó sórí àga Bàbá Aṣọ́nà. Níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn àbúrò mi láti inú ihò lífítì.

"Bọ̀ọ̀dá mi! Ṣé ẹ̀yin nìyẹn? Ṣé ẹ ti dé?"

"Mo ti dé," mo ní.

Mo gbọ́ tó ń sọ fáwọn tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀ pé, "Ẹ má bẹ̀rù mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti dé. Òun ló ń tọ́jú ẹ̀."

Òógùn ń bọ́ lójú mi. Ìyàwó mi ṣí báàgì irinṣẹ́ mi, ó ní kóun wá àkísà tóun máa fi nù mí. Ìwé méjì ló mú jáde. Àkọ́kọ́ ni lẹ́tà dókítà. Ìkejì jẹ́ páálí pupa, ó sì kà á sókè kó tó mọ ohun tó ń kà. "Yàrá ẹ́ńjìnnì. Ẹ má ṣe gbé e kúrò níbí."

Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀gá mi pe fóònù ẹlẹgbẹ́ mi tó dúró tì wá. Ohùn ẹ̀ ń lọ sókè, gbogbo wa la gbọ́ ọ. "Ta ló yọ káàdì kúrò níbí? Kò sẹ́ni tó tẹ ilẹ̀ ibí yìí láti ọjọ́ tó ti pẹ́! Bíréèkì ti jẹ kanlẹ̀!"

Bàbá Aṣọ́nà wo káàdì lọ́wọ́ ìyàwó mi. Ó wò mí. "Mánamána, ṣebí mò ń rí ẹ tó o ń jáde. Ṣé o kì í gòkè ni?"

"Mi ò kì í gòkè, Bàbá."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a. Tèmi ò tiẹ̀ pé oṣù márùn-ún.

Ó tó àádọ́ta ìṣẹ́jú kí wọ́n tó fà wọ́n jáde lájà kẹrin. Màmá àgbàlagbà kan ti kán lẹ́sẹ̀. Àbúrò mi di ikùn ẹ̀ mú. Kò sunkún. Ohun tó ń sọ ni pé, "Ọmọ ò yí mọ́. Ọmọ mi ò yí mọ́."

Mi ò lè sọ fún yín bí ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé e ṣe rí. Mo dùbúlẹ̀ nílé, ara mi ti kú, etí mi nìkan ló wà láyè, mo ń dúró de fóònù. Gbogbo ìgbà tó bá dún, mo máa ń rò pé ìròyìn ikú ni. Lọ́jọ́ kẹta ni ìyàwó mi wá sọ fún mi pé ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tapá.

Ní ọ́fíìsì, mo fi lẹ́tà dókítà síwájú ọ̀gá. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ní, "Lẹ́tà yìí ti lé ní oṣù márùn-ún. Ká ní o mú un wá lọ́jọ́ tó o gbà á, ǹ bá gbà ẹ́ gbọ́. Ǹ bá ní kí ẹlòmíì máa gun àtẹ̀gùn yẹn dípò ẹ. Ní báyìí, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé àìsàn yìí kì í ṣe irú 'ó dára, ó dára' tó o kọ sórí káàdì?"

Àìsàn mi ò hàn nínú ẹ̀jẹ̀, kò hàn lójú. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi nìkan ni ẹ̀rí ẹ̀, èmi fúnra mi ni mo sì ba ọ̀rọ̀ ẹnu mi jẹ́. Wọ́n dá mi dúró, ó sì tọ́.

Èyí tó dùn mí jùyẹn lọ ni ti àbúrò mi. Mo lọ kí i lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ṣàlàyé àárẹ̀ náà fún un látòkèdélẹ̀. Nígbà tí mo sọ tán, ó ní, "Ṣé òótọ́ ni àìsàn yìí, Bọ̀ọ̀dá mi? Àbí..." Ó yíjú sí ògiri.

Ní báyìí, fáànù àti rédíò ni mò ń tún ṣe nílé, lórí ìjókòó. Tí mo bá ṣe é fún ogún ìṣẹ́jú, màá dùbúlẹ̀, bí kò tiẹ̀ rẹ̀ mí. Tí ara mi bá yá ní àárọ̀ ọjọ́ kan, tí mo fẹ́ gbá ilé, tí mo fẹ́ fọṣọ, ìyàwó mi á ní, "Olórí ilé, ẹ rọra o, ọ̀tunla ń wò yín." Àwọn ọ̀sẹ̀ kan máa ń dáa. Àwọn ọ̀sẹ̀ kan wà tí mi ò ní rí òòrùn sójú. Mi ò tíì gbádùn tán, ó ṣeé ṣe kí n má gbádùn tán láé, ẹ̀rù ìyẹn sì ń bà mí. Ṣùgbọ́n tó bá ń ṣe ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ nígbà tí wọ́n ṣì lè gbà yín gbọ́. Kí wọ́n pè yín ní Ìyá Ìkókó. Kò pa ẹnikẹ́ni rí.

Àbúrò mi bí ọmọbìnrin. Láàyè ni, ara ẹ̀ dá ṣáṣá. Lóṣù tó kọjá, ó fẹ́ gbé e lọ fún àyẹ̀wò nílé yẹn, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n tẹ̀ lé e. Ilé iṣẹ́ mìíràn ló ń tọ́jú lífítì ibẹ̀ báyìí, wọ́n ti fi bíréèkì tuntun sí i. Nígbà tá a débẹ̀, ó ti ṣí sílẹ̀, kò sẹ́nì kan nínú ẹ̀, iná ẹ̀ mọ́ rekete.

Kò wo ọ̀hún. Ó gbá ọmọ mọ́ àyà, ó yà sọ́nà àtẹ̀gùn. Àjà méje. Mo tẹ̀ lé e pé kí n bá a gbé ọmọ.

Ó yíjú padà. "Ẹ jókòó, Bọ̀ọ̀dá mi. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ lé mi lónìí, ẹ ò ní lè dìde lọ́tunla."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ọ̀tunla máa ti ẹnu ẹ̀ jáde. Ó ti gbà mí gbọ́. Mo jókòó. Òun àti ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.